Kí Ẹ Tó Dúró Níwájú Ẹ̀rọ Àyẹ̀wò ní Onitsha

Ní Upper Iweka, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni okpa gbígbóná ti máa ń wà nínú páànù lórí àwọn tó ń kiri. Ẹni tó ti Ogbaru, Nnewi tàbí Asaba wọ Onitsha wá ṣe skáànù ikùn á sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ebi á ti máa pa á, á ra okpa kan, á fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e. Tó bá dé ilé àyẹ̀wò, tí wọ́n bi í pé ṣé ó ti fi nǹkan kan ẹnu, á ní, "Díẹ̀ náà ni." Díẹ̀ yẹn ti ba iṣẹ́ jẹ́. Oúnjẹ ti mú kí àpò òróòro tú ohun inú rẹ̀ jáde, ó ti rún mọ́ra, gáàsì ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì ti kún ìfun, bẹ́ẹ̀ ìró tí ẹ̀rọ skáànù fi ń ríran kì í gba inú gáàsì kọjá. Wọn á ní kó máa lọ, kó padà wá lọ́la, kó má jẹun láti alẹ́. Owó mọ́tò di méjì, ọjọ́ méjì sì ti bọ́ sọ́nù nínú ọjà rẹ̀.

Onitsha jẹ́ ìlú tí gbogbo ayé ń wọ́ wá. Láti ọdún 1965 tí wọ́n ti kọ́ afárá àkọ́kọ́ níbẹ̀ lórí Odò Ọya tán, títí dé èkejì tí wọ́n ṣí ní 2023, àwọn ará Delta ń sọdá wá rajà, wọ́n sì ń sọdá wá gba ìwòsàn. Ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, St. Charles Borromeo ti ìjọ Kátólíìkì wà níbẹ̀, Iyi-Enu tí àwọn míṣọ́nnárì CMS dá sílẹ̀ ní 1907 wà ní Ogidi tí kò jìnnà, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Nnamdi Azikiwe sì wà ní Nnewi. Yàtọ̀ sí wọn, àwọn ilé àyẹ̀wò aládàáni wà káàkiri ìgboro. Dókítà á kọ fọ́ọ̀mù, aláìsàn á gbé e wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Àárín yìí, láti iwájú dókítà dé iwájú ẹ̀rọ, ni ọ̀rọ̀ ti máa ń sọnù, nítorí kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún un bó ṣe máa múra. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tó ń mú kí àwòrán dára, láti ilé aláìsàn ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èèyàn méjì ló ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán kan, àwa aláìsàn sì máa ń pe àwọn méjèèjì ní dókítà. Èkíní ni radiographer, ẹni tó ń mú aláìsàn wọlé, tó ń tò ó sórí tábìlì, tó ń tẹ bọ́tìnì. Ọdún márùn-ún ló fi ń kàwé ní yunifásítì, á sì tún fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ọsibítù. Ẹ̀ka tó ń kọ́ wọn wà ní ọgbà Nnewi ti Yunifásítì Nnamdi Azikiwe, ó wà ní Enugu, ó sì wà ní Ìdí-Àràbà ní Èkó. Òfin ọdún 1987 ló gbé ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ kalẹ̀, Radiographers Registration Board of Nigeria. Èkejì ni radiologist, dókítà tó padà lọ fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán. Ó lè má sí nínú ilé náà rárá lọ́jọ́ tí ẹ lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì ti mú kó ṣeé ṣe kí wọ́n ya àwòrán ní Onitsha, kí ẹni tó jókòó sí Enugu tàbí Èkó máa kà á. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ya X-ray fi máa ń dákẹ́ tí ẹ bá bi í pé, "Kí lẹ rí?" Kì í ṣe pé ó ń gbéra ga. Bó bá sọ̀rọ̀ tán tí èsì sì wá yàtọ̀, ta ni ẹ máa gbàgbọ́?

Fọ́ọ̀mù ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ wo ohun tí dókítà kọ sí i kí ẹ tó dìde níwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ló jẹ́ pé orúkọ aláìsàn àti "skáànù ikùn" nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tó máa ka àwòrán náà fẹ́ mọ̀ bóyá láti ọ̀sẹ̀ kan ni inú ti ń run yín tàbí láti ọdún kan, bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín rí, bóyá ẹ ní ìtọ̀ súgà. Dókítà tó bá kọ ọ̀rọ̀ méjì ránṣẹ́, èsì ọ̀rọ̀ méjì ló máa gbà, kò sì yẹ kó bá ẹnikẹ́ni bínú.

Skáànù tí wọ́n fi ń wo aboyún àti ikùn kò ní ìtànṣán kankan nínú. Ìró tí etí kò lè gbọ́ ló ń lò. Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow ló fi han àwọn dókítà ní 1958 pé ó wúlò láti wo ilé ọmọ. Fún ikùn, ẹ má jẹun fún bíi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Omi lásán díẹ̀ kò burú, ẹ sì lè fi gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín mì. Ẹni tó ní ìtọ̀ súgà kò gbọ́dọ̀ pa ebi mọ́nú títí di ọ̀sán; kó sọ fún wọn kí wọ́n fi í ṣáájú. Ti abẹ́ ikùn, níbi tí ilé ọmọ àti kókó ìtọ̀ ọkùnrin wà, òdìkejì ni: àpò ìtọ̀ gbọ́dọ̀ kún. Omi inú rẹ̀ ló ń ti ìfun sẹ́yìn, tó sì dà bí gíláàsì fèrèsé tí ẹ̀rọ ń gbà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Pure water méjì, tó jẹ́ lítà kan, ní wákàtí kan ṣáájú, ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé èrò lè pọ̀, kí ìtọ̀ sì máa gbọ̀n yín. Ẹ pe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kí ẹ tó sáré lọ sí ilé ìyàgbẹ́, nítorí tí ẹ bá tọ̀ ọ́ dànù, ẹ máa tún bẹ̀rẹ̀ láti orí pure water ni. Bó bá wá jẹ́ èyí tí wọ́n ń ti ojú ara wò ni, wọ́n á ní kí ẹ tọ̀ ọ́ kúrò pátápátá. Nítorí náà, ẹ béèrè irú èyí tó jẹ́ kí ẹ tó mu ohunkóhun.

X-ray yàtọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Röntgen ní ilẹ̀ Jámánì ló ṣàwárí rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895, ohunkóhun tó bá sì dí ìtànṣán lọ́nà ló máa hàn nínú rẹ̀: egungun, ṣéènì, irin inú kọ́mú, píìnì orí, owó ẹyọ, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ohun kan wà tí àwọn obìnrin wa kì í rò sí. Irun dídì tó nípọn, tó wálẹ̀ sórí èjìká, máa ń hàn lórí X-ray àyà, òkè ẹ̀dọ̀fóró gan-an ló sì máa ń bọ́ sí, níbi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fẹ́ràn láti máa jẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè tipa bẹ́ẹ̀ bá ara rẹ̀ níbi àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹ kó irun jọ sókè orí. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti pẹ́ kó dé gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnì, kódà bí ọkọ tàbí ìyá ọkọ bá wà nítòsí tí ojú sì ń tì í. Ó lè ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ lóun nìkan.

Àwọn kan máa ń rí i pé radiographer sá sẹ́yìn ògiri nígbà tó fẹ́ tẹ bọ́tìnì, wọ́n á ní bó bá jẹ́ ohun tó dára ni, kí ló ń sá fún? Ìtànṣán inú X-ray àyà kan kò ju èyí tí ilẹ̀, òkúta àti ojú ọ̀run ń fún wa ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Ti ẹ̀yin ẹ̀ẹ̀kan ni. Tiẹ̀, ojoojúmọ́ ayé ni, lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Àwọn tí kò mọ̀ láti sá ní ìbẹ̀rẹ̀ jìyà rẹ̀. Clarence Dally, tó bá Thomas Edison ṣiṣẹ́ lórí X-ray ní Amẹ́ríkà, kú ní 1904 lẹ́yìn tí wọ́n ti gé apá rẹ̀ méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń ya X-ray jókòó tì yín láìwọ nǹkan kan, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ̀rù bà yín.

Èyí tó ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn obìnrin jù ni HSG, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọ̀nà tí ẹyin ń gbà wọ ilé ọmọ ṣí tàbí ó dí. Wọ́n á ti ẹnu ilé ọmọ fi oògùn olómi kan wọlé, wọ́n á sì máa ya X-ray bó ṣe ń ṣàn. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe é ṣe pàtàkì: lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù bá ti dá, kó má sì ju nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá lọ láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí nǹkan oṣù náà ti bẹ̀rẹ̀ títí wọn á fi ṣe é, kò gbọ́dọ̀ sí ìbálòpọ̀, kí oyún má baà wà níbẹ̀ láìmọ̀. Bí nǹkan olóòórùn bá ń jáde lójú ara, kí obìnrin náà sọ ọ́, nítorí wọ́n ní láti tọ́jú ìyẹn ná. Inú máa ń run ni, bí ìgbà tí nǹkan oṣù ń dunni gidi, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Dókítà lè fún un ní oògùn ìrora tó máa lò ní wákàtí kan ṣáájú. Kó mú páàdì dání, kó sì mú ẹnìkan dání tó máa sìn ín wálé. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gorí tábìlì HSG nígbà tí ọkọ kò tíì fi àtọ̀ rẹ̀ sínú ike fún àyẹ̀wò kan ṣoṣo. Ti ọkùnrin kò dunni, kò sì ní ìtànṣán. Òun ló yẹ kó ṣáájú.

CT scan, tí wọ́n kọ́kọ́ fi yẹ aláìsàn wò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1971, jẹ́ X-ray tó ń yí èèyàn po, ìtànṣán tirẹ̀ sì pọ̀ ju ti X-ray lásán lọ dáadáa. Nítorí náà ẹ má kàn béèrè fún un lásán. Wọ́n sábà máa ń gún oògùn tó ní iodine sí iṣan, kí ẹ̀jẹ̀ lè hàn kedere. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè àyẹ̀wò kíndìnrín ṣáájú, tí wọ́n sì ń bi yín nípa ikọ́ fée àti bóyá ara yín ti kọ oògùn kan rí. Ẹni tó ń lo Metformin, oògùn ìtọ̀ súgà, gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀. Bí oògùn náà ṣe ń wọlé, ara á gbóná lójijì, ẹnu á máa ta bí irin, á sì dà bíi pé ẹ ti tọ̀ sára. Ẹ ò tọ̀ sára. Ó máa lọ kí ìṣẹ́jú méjì tó pé.

MRI ni irin kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òòfà ńlá ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá sí lórí tábìlì. Ní oṣù keje ọdún 2025, ní ìpínlẹ̀ New York, ọkùnrin ẹni ọdún 61 kan wọ yàrá MRI pẹ̀lú ṣéènì irin ńlá lọ́rùn, ẹ̀rọ náà fà á mọ́ra, ó sì kú. Ní agbègbè Onitsha àti Nnewi, ìbéèrè kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò: ṣé irin wà nínú ara yín? Àwọn wẹ́dà àti àwọn tó ń lọ irin lè ní èérún irin tín-ínrín nínú ojú láìmọ̀, òòfà sì lè mú un rìn. Àwọn bàbá tó jagun abẹ́lé láàárín 1967 sí 1970, àti ọmọdé ìgbà náà tó wà nílùú nígbà tí wọ́n gba Onitsha ní oṣù kẹta ọdún 1968, lè ṣì gbé àfọ́kù bọ́ǹbù tàbí ọta ìbọn kiri nínú ẹran ara. Ẹ sọ ọ́. X-ray lásán ni wọ́n á kọ́kọ́ fi wò ó. Ẹ sọ ọ́ bákan náà bí ẹ bá ní ẹ̀rọ inú ọkàn tàbí oǹdè tí wọ́n fi irin dì. MRI kò ní ìtànṣán, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀, ó máa ń gbà tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí ibi híhá bá sì ń dẹ́rù bà kó sọ ọ́ nílé, kó má dúró dìgbà tí wọ́n bá tì í wọnú ihò.

Obìnrin tó ń lọ ya àwòrán ọyàn, kó wọ ìró àti bùbá, kó má wọ gáùn. Òkè nìkan ni wọ́n máa ní kó bọ́. Kó má fi páúdà tàbí lọ́fínńdà abíyá sára, nítorí èérún rẹ̀ lè jọ àmì àrùn nínú àwòrán.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lónìí àti bóyá iná wà, nítorí kì í ṣe gbogbo jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé CT. Ẹ béèrè bóyá owó tí wọ́n dá lé e kan oògùn tí wọ́n máa gún àti èsì tí dókítà máa kọ, tàbí wọ́n máa tún bu òmíràn lé e. Bí ẹ bá ní àwòrán àtijọ́, ẹ mú un dání, kódà kó ti pé ọdún mẹ́ta; ohun tí radiologist máa ń kọ́kọ́ wá ni bóyá ohun tó rí jẹ́ tuntun tàbí ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Fíìmù tàbí CD yín àti ìwé èsì, tiyín ni wọ́n, ẹ sì gbà wọ́n kí ẹ tó jáde. Kí ẹ sì wo ara ògiri gbọ̀ngàn tí ẹ ti ń dúró. Níbi tí wọ́n bá ti ń ya X-ray tàbí CT, ó yẹ kí ìwé àṣẹ Nigerian Nuclear Regulatory Authority wà fún ẹ̀rọ, kí ti Radiographers Registration Board sì wà fún ẹni tó ń lò ó. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.