Ẹ Ka Owó Kí Ẹ Tó Gbé Kámẹ́rà

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Òun náà ni kẹ̀kẹ́ sinimá. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbèrò àtiṣe sinimá bá wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ èmi tíṣà, ìtàn Satyajit Ray ará Íńdíà ni mo máa ń sọ fún wọn.

Iṣẹ́ ìpolówó ọjà ni ọkùnrin yìí ń ṣe ní Calcutta. Ó ya àwòrán ìtàn “Pather Panchali” sínú ìwé, ó gbé e tọ àwọn olówó lọ. Wọn kò dá a lóhùn. Ní 1952, ó fi owó ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́, owó tán! Wọ́n fi ohun ọ̀ṣọ́ ìyàwó rẹ̀ dógò, síbẹ̀ iṣẹ́ dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ wo ewu ibẹ̀: bí ohùn ọmọkùnrin inú eré bá yí padà, bí ọmọbìnrin bá dàgbà jù, tàbí bí ìyá arúgbó bá kú, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Orí bá a ṣe é, kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀ ló fi owó yọ ọ́. Sinimá náà jáde ní 1955, ó gba ẹ̀bùn ní Cannes ní 1956.

Ṣùgbọ́n orí kò dọ́gba. Ẹ kọ owó oúnjẹ, ọkọ̀, aṣọ àti kámẹ́rà sílẹ̀. Ẹ fi ti àìròtẹ́lẹ̀ kún un. Apá ti ọmọdé àti arúgbó ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé a kì í ná gbogbo owó sórí ọjà láìyọ owó ọkọ̀ àbọ̀ sílẹ̀.