Ta Ló Ń Jẹun Nínú Ògì Wa?

Ọ̀pọ̀ ilé ló wà ní Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní bàbá tàbí ìyá àgbà kan tó gbé Gáńà rí, kí ìjọba Busia tó ní kí àwọn àjèjì kó lọ lọ́dún 1969. Ẹni tó bá gbé Kumasi nínú wọn á mọ dókónó, oúnjẹ àgbàdo kíkan tí àwọn mìíràn ń pè ní kenkey. Ọmọ ìyá ẹ̀kọ wa ni.

Ní Kumasi, wọ́n á rẹ àgbàdo fún ọjọ́ kan tàbí méjì, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó kan. Wọ́n á wá se apá kan, wọ́n á pò ó mọ́ tútù, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí háhá àgbàdo dì í, wọ́n á sè é.

Àsìkò tó fi ń kan yẹn ni kòkòrò àìfojúrí ń jẹun. Kò lẹ́nu, kò níkùn. Ara rẹ̀ ló fi ń fa oúnjẹ tó ti yòrò sínú omi. Ṣúgà inú àgbàdo tó rẹ ni bakitéríà tó ń jẹ́ Lactobacillus ti ń rí agbára. Ṣùgbọ́n kì í fi atẹ́gùn jó ṣúgà náà tán bí ara tiwa ṣe ń ṣe, nítorí náà èrè rẹ̀ kéré, bíi ti ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá: àfi kó tà púpọ̀. Ó ń jẹ púpọ̀, ó sì ń da ásíìdì púpọ̀ nù. Ásíìdì yẹn ló ń kan lẹ́nu wa. (Èdè wa ò jìnnà sóòótọ́: a kì í sọ pé ògì wulẹ̀ rí báyìí, a ní ó ń kan, bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́.) Agbára nìkan ò sì tó o dàgbà, ó tún ń wá èròjà purotéènì inú àgbàdo láti fi kọ́ ara rẹ̀.

Ásíìdì yìí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ráyè. Ibẹ̀ làwọn kan ti ń ṣìnà, tí wọ́n ní kíkan á wẹ àgbàdo tó ti bu mọ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Èébu tó ń jẹ́ Aspergillus flavus nífẹ̀ẹ́ atẹ́gùn àti ọ̀rinrin. Ó máa ń da oje sórí hóró àgbàdo, oje náà á dà á, òun á wá fà á mu. Májèlé tó ń fi sílẹ̀ ni aflatoxin, tó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ọdún 1960 ni ayé fura sí i, nígbà tí ó lé ní 100,000 tòlótòló kú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹran tí wọ́n fi ẹ̀pà ṣe. Májèlé yìí kì í ṣe ohun alààyè tí a lè pa. A ò lè gbẹ́kẹ̀ lé kíkan tàbí sísè láti mú un kúrò.

Òjò ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ti Kumasi bíi tiwa. Àgbàdo tí wọ́n kórè ní oṣù kẹjọ kì í pẹ́ bá òjò oṣù kẹsàn-án pàdé. Nítorí náà, kí ẹ tó kó àgbàdo pamọ́, ẹ da díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ, kí ẹ mì ín dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ tún un sá. Kí ẹ tó rẹ ẹ́, ẹ ṣa hóró tó bu tàbí tó ti yí àwọ̀ padà dànù. Ẹ má sì dà á fún adìẹ.