Òṣùpá márùn-ún Pluto, àti awò tó ń ṣọ́ wọn

Àwòrán Pluto tó dára jù lọ tí awò awọ̀nàjíjìn Hubble yà kò ju àbàwọ́n rúsúrúsú kan lọ. Kò yani lẹ́nu: ní báyìí, ìmọ́lẹ̀ tó bá kúrò lọ́dọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì aràrá náà ń lò ju wákàtí 4 lọ kó tó kàn wá. Síbẹ̀, mẹ́rin nínú òṣùpá márùn-ún tí Pluto ní, Hubble ló rí wọn.

Charon nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ṣáájú. James Christy ló ṣàkíyèsí ní 1978 pé Pluto yọ kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú fọ́tò, kókó náà kì í sì í dúró sójú kan. Hubble rí Nix àti Hydra ní 2005, Kerberos ní 2011, Styx ní 2012. Wíwá tí wọ́n wá méjì tó kẹ́yìn kì í ṣe ti ojúmìító. Ọkọ̀ New Horizons ti wà lọ́nà ibẹ̀ láti oṣù Kínní 2006, eré tó sì ń sá pọ̀ débi pé òkúta bíńtín lè fọ́ ọ yángá. (Nígbà tí wọ́n ní kí ará ìlú dìbò sọ òṣùpá méjèèjì lórúkọ ní 2013, Vulcan ló wọlé, àjọ onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé wọ́gi lé e. Ẹnu ò ní ya àwa tí a mọ ìbò.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni bí Charon ṣe tóbi tó. Ìbú rẹ̀ tó ìdajì ti Pluto, nítorí náà àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń yí ojú kan ká nínú òfo tó wà láàárín wọn, wọ́n kọjú síra, ọjọ́ 6 àti wákàtí 9 ni wọ́n fi ń yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Òòfà méjì tí kò dúró sójú kan yìí ló ń fa àwọn òṣùpá kéékèèké tó kù. Ní oṣù Kẹfà 2015, Mark Showalter àti Douglas Hamilton kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé bí ìmọ́lẹ̀ Nix àti Hydra ṣe ń lọ sókè sódò nínú àwòrán Hubble kò ní ètò kankan: ńṣe ni wọ́n ń pòòyì bí òkòtò tí ọmọ méjì ń ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá wà lórí Nix kò lè fi oòrùn òní mọ ibi tí tọ̀la yóò ti yọ.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, New Horizons kọjá níbẹ̀. Ó bá Hydra tó ń pòòyì lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bíi wákàtí 10, eré tí wọn ò retí, àríyànjiyàn sì bẹ̀rẹ̀: ṣé òòfà ṣì lè da ohun tó ń yára tó báyìí rú?

Ọkọ̀ náà kò lè padà lọ wò ó. Iṣẹ́ tó kù di ti awò. Ní 2024, awò James Webb, tí ń rí irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ẹ̀rọ New Horizons kò tó, rí carbon dioxide àti hydrogen peroxide lójú Charon. Hydrogen peroxide yìí náà ni wọ́n ń tà ní kẹ́mísí fún fífọ egbò. Lọ́hùn-ún, ìtànṣán oòrùn tó ń bá yìnyín jà ló ń pò ó. Ní ti carbon dioxide, àwọn olùwádìí gbà pé inú Charon ló ti wà tipẹ́, òkúta tó ń já lù ú ló hú u síta.