Bátìrì ọkọ̀ kú: ṣé ká gbà á sí iná ni, àbí ká ra tuntun?

Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ ọjà ni, ní Kétu. Apẹ̀rẹ̀ tìmátì ti kún ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ìyá ọlọ́jà méjì ti jókòó, Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dún "tá-tá-tá", ó dákẹ́. Kí wọ́n tó rí àwọn tó bá wọn tì í, ilẹ̀ ti mọ́. Nígbà tí wọ́n fi dé ọjà, àwọn oníbàárà àárọ̀ ti lọ, tìmátì ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ sì ti ń rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ra bátìrì tuntun. Kò pé oṣù kan tí ìyẹn náà fi kú. Ìgbà náà ló tó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, wọ́n sì rí i pé bẹ́líìtì tó ń yí alternateur ló ti dẹ̀, tí iná kò fi dé inú bátìrì dáadáa. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Owó bátìrì ti lọ, àìsàn ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin oníṣòwò, kí ẹ tó yọwó, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó pa bátìrì náà.

Bí ẹ bá gbàgbé iná ọkọ̀ sí títàn mọ́jú, tàbí tí ọkọ̀ ti wà lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ebi iná ló ń pa bátìrì. Bí kò bá tíì gbó, tí ara rẹ̀ kò sì sán, ẹ gbà á sí iná. Ẹ má fi falẹ̀ o. Bátìrì tó bá pẹ́ láìní iná, nǹkan funfun kan máa ń dì mọ́ òjé inú rẹ̀, kò sì ní gba iná dáadáa mọ́. Iná díẹ̀díẹ̀ ló dára jù: bátìrì 60 Ah, ẹ fún un ní ampère 6 fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Ẹni tó bá fi iná ńlá sáré kún un, sísè ló ń sè é.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó sinmi mọ́jú, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn iná rẹ̀. Bátìrì tó yó máa ń fi nǹkan bíi volt 12,6 hàn. Bí ó bá jẹ́ 12,2, ó ti dé ìdajì. Ilé mẹ́fà ló wà nínú bátìrì, ìkọ̀ọ̀kan ń mú volt 2 àti díẹ̀ wá. Bí ó bá gba iná tán tó sì jẹ́ 10,5 ló kù, ó ṣeé ṣe kí ilé kan ti kú. Iná kò lè jí ìyẹn, ẹ ra tuntun.

Ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kó gòkè sí bíi 13,8 sí 14,5. Bí ó bá dúró sí 12 tó sì ń lọ sílẹ̀, ẹ yẹ alternateur, bẹ́líìtì àti wáyà wò. Ẹ wo orí bátìrì náà pẹ̀lú: bí wáyà bá dẹ̀, tàbí tí ìyẹ̀fun funfun bò ó, ọkọ̀ lè kọ̀ láìjẹ́ pé bátìrì kú.

Èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá wú, tó ń jò, tàbí tó ń kú ní àràárọ̀ láìsí ohun tó ń fa iná rẹ̀, ìgbà rẹ̀ ti tó. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn wa yìí ń gbẹ omi inú bátìrì. Bí tiyín bá ní ọmọrí, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, omi bátìrì nìkan ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe omi kànga, kì í sì í ṣe ásíìdì.

Ẹ má mu sìgá nítòsí bátìrì tó ń gba iná, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè bú gbàmù. Ẹ má sì fọ́ bátìrì àlòkù sínú àgbàlá. Òjé inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ gbé e lódindi padà fún ẹni tó ń ta bátìrì.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ra ẹ̀rọ kékeré tó fi ń wọn iná báyìí. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà ló máa ń lò ó, kí wọ́n tó di tìmátì.