Ṣé O Mọ̀? Sójà, Ọkàn Rẹ̀ àti Ẹjọ́ Owó Ìrànwọ́

Ṣé o mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà, bí ogun bá gba ẹsẹ̀ sójà láti orúnkún sókè, tí àrùn ọkàn wá kọ lù ú lọ́jọ́ alẹ́, òfin ti gbà pé ẹsẹ̀ tó gé ló fà á? Kò ní láti máa wá dókítà tí yóò so ẹsẹ̀ mọ́ ọkàn fún un.

Ẹlẹ́jẹ̀ ríru kì í rí irú àánú bẹ́ẹ̀. VA, àjọ tó ń tọ́jú àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì níbẹ̀, lè gbà pé iṣẹ́ ogun ló kó o bá a, kí wọ́n sì kọ òdo sí i: àìsàn wà, owó ò sí. Kó tó gba ìdá 10 nínú 100 lórí ìwọ̀n àìlera tí VA fi ń sanwó, òǹkà ìsàlẹ̀ nínú ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tó 100, tàbí kí ti òkè máa tó 160. Ẹni tí oògùn ojoojúmọ́ ti fa òǹkà tirẹ̀ wálẹ̀ ńkọ́? Bí ìwé ilé ìwòsàn àtijọ́ bá fi hàn pé ti ìsàlẹ̀ ti máa ń tó 100 rí, ìdá 10 tọ́ sí i. Ìwé gbígbó bẹ́ẹ̀ lè níye lórí ju ìwọ̀n àná lọ.

Ṣé o mọ̀ pé VA gbà ní 2010 pé Agent Orange, oògùn apagi tí wọ́n fọ́n sí igbó Vietnam, lè fa àrùn ọkàn? Ẹ̀jẹ̀ ríru ò bá a wọlé. Ó di 2018 kí National Academies, àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà, tó sọ pé ẹ̀rí ti tó, ó tún di 2022 kí òfin PACT Act tó ka ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ àwọn àìsàn tí wọ́n gbà pé oògùn náà ń fà. Ọmọ ogún ọdún tó jagun yẹn ti di bàbá àgbà!

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé: láti 1864 títí di 1988, lọ́yà ò gbọdọ̀ gbà ju dọ́là 10 lọ lórí ẹjọ́ owó ìrànwọ́ sójà. Lọ́yà wo ni yóò yọjú?

Láti 2019, ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ẹni tí ìdájọ́ VA ò tẹ́ lọ́rùn, ọdún kan ló sì ní láti fi yàn: kó mú ẹ̀rí tuntun wá, kí ọ̀gá mìíràn tún fáìlì rẹ̀ yẹ̀ wò, tàbí kó lọ bá adájọ́. Wọn kì í gba ẹ̀rí tuntun lọ́nà kejì rárá, nítorí náà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí káàdì ilé ìwòsàn ológun rẹ̀, ti àkọ́kọ́ ni kó gbà. Bí ẹ̀rí ìhà méjèèjì bá sì dọ́gba, sójà ni òfin ní kí wọ́n dá láre.