Báwo Ni A Ó Ṣe Mọ̀ Pé Ìwọ Ni?

Nígbà tí Ísáákì darúgbó tí ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́, ẹ wo iye ọ̀nà tí ó fi wádìí ọmọ tí ó wọlé tọ̀ ọ́. Ó bi í léèrè ẹni tí í ṣe. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án. Ó gbóòórùn aṣọ rẹ̀. Ohùn nìkan ni ó sọ òtítọ́ fún un, síbẹ̀ awọ ewúrẹ́ tí Rèbékà fi bo ọwọ́ Jákọ́bù borí ohùn náà.

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, irú ìṣòro Ísáákì yìí ni àwọn tí ó ni Google, Facebook àti WhatsApp ń bá yí lójoojúmọ́. Wọn kò rí wa, wọn kò sì mọ ìyá tí ó bí wa. Láyé àtijọ́, bí àjèjì bá dé ẹnu ọ̀nà, a ó bi í pé ọmọ ta ni, láti agboolé wo. Ilà ojú rẹ̀ àti oríkì rẹ̀ yóò sì jẹ́rìí fún un. Ẹ̀rọ kò mọ oríkì. Ohun tí a ti fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí wàhálà tó dé ni yóò fi dá wa mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí ó wọ́pọ̀ láàrin wa wá. Arábìnrin kan tí ó ń ta aṣọ gba ìpè ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹni tí ó pè é ní òun fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sí ẹgbẹ́ àdúrà orí fóònù, pé kí ó ka nọ́ḿbà mẹ́fà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí i fún òun. Ó kà á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, WhatsApp rẹ̀ ti di ti oníjìbìtì, àwọn ará sì ń gba ọ̀rọ̀ ní orúkọ rẹ̀ pé kí wọ́n yá òun lówó kíákíá. Ìyá àgbà kan fi owó oògùn rẹ̀ ránṣẹ́. Olè náà kò fọ́ ilẹ̀kùn kankan. Kóòdù yẹn ni ẹ̀rọ fi ń béèrè pé, “Ṣé ìwọ ni?”, arábìnrin wa sì bá olè dáhùn pé, “Èmi ni.”

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe jókòó máa sunkún. Ẹ ṣí WhatsApp lórí fóònù yín, ẹ tẹ nọ́ḿbà yín sí i bí ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kóòdù tuntun yóò wọlé bí àtẹ̀jíṣẹ́. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ sí i, olè yóò jáde, ìbáà jẹ́ pé ó ti fi PIN tirẹ̀ síbẹ̀. PIN náà lè mú kí ẹ dúró fún ọjọ́ 7, ṣùgbọ́n òun pàápàá kò ní rí i lò mọ́. Lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ohùn pe àwọn ènìyàn yín, kí a sì kéde rẹ̀ nínú ìjọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi PIN oní-nọ́ḿbà 6 tiyín sí i. Láti ọdún 2017 ni ó ti wà; mélòó nínú wa ni ó ti ṣe é?

Orí síìmù ni gbogbo èyí dúró lé, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí àwọn ìdílé tẹtí sí mi. Bí síìmù bá sọnù, a ó lọ ṣe welcome back, wọn yóò sì béèrè NIN, nọ́ḿbà ìdánimọ̀ oní-11 tí ìjọba pàṣẹ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 pé kí a so mọ́ síìmù gbogbo. NIN ta ni ó wà lórí síìmù Ìyá? Nínú ilé púpọ̀, ti ọmọ ni. Opó tí síìmù rẹ̀ wà ní orúkọ ọkọ tí ó ti sùn nínú Olúwa yóò dúró níwájú akọ̀wé, ojú rẹ̀ rèé, ìka rẹ̀ rèé, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíràn ni ó wà nínú ìwé. Ẹ lọ tún un ṣe nísinsìnyí tí fóònù ṣì wà lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá gbàgbé NIN rẹ̀ lè tẹ *346# lórí síìmù tí ó fi forúkọ sílẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ńkọ́? Òfin àjọ NCC fi àyè gba ilé iṣẹ́ láti ti síìmù tí a kò lò fún oṣù 6. Bí oṣù 6 mìíràn bá tún kọjá, nọ́ḿbà náà lè di ti ẹlòmíràn, kóòdù báńkì àti ti ímeèlì yóò sì máa wọ inú fóònù àjèjì.

Ti Google gba sùúrù. Bí pásíwọọ̀dù Gmail bá sọnù, yóò béèrè pásíwọọ̀dù àtijọ́ tí ẹ rántí, yóò sì fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ḿbà tàbí ímeèlì kejì tí ẹ ti fi sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ó tún ń wo fóònù tí ẹ fi ń béèrè àti ibi tí ẹ wà. Nítorí náà ẹ má sáré lọ sí kaféè. Fóònù tí ẹ máa ń lò ni kí ẹ lò, nínú ilé tàbí níbi iṣẹ́ yín. Bí ìdáhùn kan kò bá dá yín lójú, ẹ dáhùn èyí tí ó sún mọ́ ọn jù, ẹ má fo ìbéèrè náà. Ẹni tí ó bá ti ṣètò ààbò onípele méjì lè gba kóòdù 10 sílẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó kọ wọ́n sí bébà, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ sílé. (Ẹ má fi sínú Bíbélì tí ẹ ń gbé lọ sí ìsọ́ òru!)

Ní ti Facebook, ó lè ní kí ẹ fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, tàbí kí ẹ ya fídíò ojú yín. Ibí ni àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń kọsẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni Ọmọ Ọba Ọ̀run, ọjọ́ ìbí sì rèé, wọ́n fi ọdún kún un nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Káàdì wo ni yóò jẹ́rìí sí ìyẹn? Ẹ lọ tún orúkọ àti ọjọ́ ìbí ṣe kí ó bá ìwé ìrìnnà tàbí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yín mu. Bí olè bá ti wọlé, facebook.com/hacked ni ẹ ó gbà.

Ẹni tí ó bá ní kí ẹ san owó díẹ̀ kí òun bá yín gba àkáǹtì padà, tí ó tún ní kí ẹ fi àwòrán NIN àti káàdì báńkì yín ránṣẹ́, ọmọ ìyá olè àkọ́kọ́ ni. Google, Facebook àti WhatsApp kì í gba kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ pa fóònù mọ́ ọn létí.