Owó Ìbọn Wọ Àpò, Ọmọ Ogun Ló Forí Fá A

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tó wà ní Kàdúná àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè sí wa mọ́. Bí orílẹ̀-èdè ńlá kan bá ní òun fẹ́ ta ohun ìjà fún ìjọba wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń pàtẹ́wọ́. Àwa náà kò sọ pé kí ológun máa fi igi jagun. Ìbéèrè wa ni pé: ọwọ́ ta ni ìbọn náà máa bọ́ sí?

Ẹ jẹ́ ká rántí ọdún 2014. Ní oṣù Kẹrin, Boko Haram jí àwọn ọmọbìnrin 276 kó ní Chibok. Ní oṣù Kẹsàn-án, ìjọba South Africa gbẹ́sẹ̀ lé mílíọ̀nù 9.3 dọ́là nínú bàálù kan tó ti Nàìjíríà wá. Ìjọba wa ní owó ohun ìjà ni. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ilé ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún ọmọ ogun 54 tí wọ́n kọ̀ láti lọ sójú ogun. Wọ́n ní ohun ìjà ọwọ́ àwọn kò tó. Lọ́dún 2015, wọ́n sọ ìdájọ́ náà di ẹ̀wọ̀n. Lọ́dún yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní wọ́n gbé iṣẹ́ àgbàṣe ohun ìjà tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ jáde, tí ẹnikẹ́ni kò rí ẹrù rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní irọ́ ni.

Èyí tó tilẹ̀ dé ńkọ́? Ní oṣù Kìíní 2015, Boko Haram gba bárékè àwọn ológun ní Baga. Ìbọn tí Gaddafi kó jọ ní Líbíà náà tú ká lẹ́yìn ìṣubú rẹ̀ lọ́dún 2011, ó sì wà lára ohun tó dáná sun Málì lọ́dún 2012.

Ìbọn nìkan kọ́. Ní oṣù Keje 2015, ìwé àṣírí ilé iṣẹ́ Hacking Team ti Ítálì tú síta. Ó hàn pé wọ́n ta ẹ̀rọ tí ń yọ́ wọ inú fóònù àti kọ̀ǹpútà fún ìjọba Sudan, nígbà tí ogun Darfur ṣì ń jà. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí ti sọ pé ó jọ pé ìjọba Ethiopia ń fi ẹ̀rọ yìí ṣọ́ àwọn oníròyìn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà. Oníròyìn ló jọ pé wọ́n dojú rẹ̀ kọ.

Nítòsí wa níbí, ní Tudun Biri, bọ́ǹbù àwọn ológun pa èèyàn tó lé ní 80 níbi ayẹyẹ Maulud ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2023. Wọ́n ní àṣìṣe ni. Ohun ìjà tó dára, tí kò bá sí ẹni tí yóò jíhìn fún un, ó lè pa onílé kó tó pa olè.

Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí títa ohun ìjà lọ́dún 2013. Àdéhùn náà ní kí ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ wo ohun tí olùrà fẹ́ fi ṣe, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba ẹ̀rọ amí. Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣojú yín l'Ábújá: èló lẹ fọwọ́ sí, kí ni wọ́n rà, ta ló kà á nígbà tó dé? Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.